“Ó Wà” àti “A Ò Rí I”: Àyẹ̀wò Jíìnì Kíákíá fún Kòkòrò Àrùn tí Oògùn Ò Ràn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ìfarabalẹ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ tó ń wo inú jíìnì kòkòrò àrùn (ìyẹn àṣẹ tó wà ní kíkọ sínú ohun abẹ̀mí), tó sì ń sọ láàárín wákàtí kan sí méjì irú oògùn tí kò ní ràn án. Mo fura pé àwọn tó pè mí fẹ́ kí n wá yin ẹ̀rọ náà. N óò yìn ín, torí ó tó yìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àyẹ̀wò ni iṣẹ́ tèmi, ẹni tó bá sì pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé ìdáhùn sí ìbéèrè kan ni gbogbo èsì àyẹ̀wò. Bí ẹni tó ń ka èsì ò bá mọ ohun tí wọ́n bi ẹ̀rọ, ìdáhùn náà lè ṣì í lọ́nà. Ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Wọ́n gbé ẹnì kan dé ilé ìwòsàn lóru. Ara rẹ̀ gbóná janjan, ó ń gbọ̀n, ìfúnpá rẹ̀ ti já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò já gaara mọ́. Dókítà fura pé kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò sí àyè àti dúró. Ìwádìí kan tí Anand Kumar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé, lára àwọn tí irú àkóràn yìí ti mú kí ìfúnpá wọn já, wákàtí kọ̀ọ̀kan tí oògùn tó yẹ bá fi pẹ́ láàárín wákàtí 6 àkọ́kọ́ ń dín iye àwọn tó ń yè é kù ní nǹkan bí ìdá 7.6 nínú 100. Nítorí náà dókítà á yan oògùn kan, á fún un. Èwo? Èyí tó rò pé á ràn án. Àfojúbù ni. Bí kòkòrò náà bá jẹ́ irú èyí tí oògùn yẹn kì í ràn, agbọ̀n la fi ń gbomi. Bí dókítà bá sì torí ìbẹ̀rù ń fa oògùn tó lágbára jù lọ yọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, kò ní pẹ́ tí àwọn kòkòrò á fi mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn náà.

Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbé jáde lọ́dún 2022 sọ pé, ní ọdún 2019 nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn ni kòkòrò tí oògùn ò ràn pa káàkiri ayé. Àwọn tó ṣe pé bí oògùn bá ràn án ni, wọn ì bá má kú, ni wọ́n kà bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá ń pẹ́ nínú àyẹ̀wò? Gbígbìn ni. Láti ayé Robert Koch ní Jámánì la ti ń gbin kòkòrò bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin irúgbìn. Fanny Hesse, ìyàwó ọ̀kan lára àwọn tó ń bá Koch ṣiṣẹ́, ló dábàá pé kí wọ́n lo agar, tí í dì gbagidi tí kì í yọ́ nínú ooru tí kòkòrò fẹ́ràn. Nígbà tó di ọdún 1887, Julius Richard Petri ṣe àwo pẹrẹsẹ onídèérí tí a ṣì ń lò títí dòní. Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí ọyún, a ó gbìn ín, a ó sì dúró kó hù. Ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. A ó mú èyí tó hù, a ó tẹ́ ẹ sórí àwo mìíràn, a ó to bébà róbótó-róbótó tí a ti rẹ sínú oògùn lé e lórí, a ó tún dúró di ọjọ́ kejì. Bébà tí àyíká rẹ̀ bá mọ́ fo bí òrùka, oògùn inú rẹ̀ ràn án. Bébà tí kòkòrò bá hù dé etí rẹ̀, oògùn yẹn ò ràn án. Ìlànà tí Bauer, Kirby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde lọ́dún 1966 la ṣì ń tẹ̀ lé.

Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò àtijọ́ yìí, ojú ò sì tì mí láti sọ ọ́. Ojúkojú la fi ń bi kòkòrò: bí mo bá fún ọ ní oògùn yìí, ṣé wàá kú? Òun fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn. Kò kàn wá ọgbọ́n tó fi là á já. A ṣáà rí i pé ó hù tàbí kò hù.

Àmọ́ ó ń pẹ́. Kòkòrò E. coli lè di méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 bí ibi tó wà bá tù ú lára. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ń lò tó wákàtí 20 kó tó di méjì, ìdí nìyẹn tí gbígbìn rẹ̀ fi ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó sì lè tó oṣù méjì nígbà míì. Kí èsì tó dé, aláìsàn ti kó o ran àwọn ará ilé. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ohun tí àwọn onímọ̀ jíìnì wá sọ ni pé: kí ló dé tí a fi ń dúró kó hù, nígbà tí ohun tó fi ń ṣagídí sí oògùn ti wà ní kíkọ sínú rẹ̀? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Alexander Fleming rí penicillin lọ́dún 1928. Nígbà tó fi di 1940, kí oògùn náà tó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn rárá, Edward Abraham àti Ernst Chain ti kọ̀wé pé àwọn rí kòkòrò tó ní ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ohun abẹ̀mí) tó ń ba penicillin jẹ́. Ọgbọ́n yẹn ti wà lára kòkòrò kí a tó dé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ò pọ̀ lọ títí. Àwọn kan ń gé oògùn náà sí wẹ́wẹ́. Àwọn kan ń fà á jáde kíákíá bó ṣe ń wọlé, bí ẹni tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tó ń jò. Àwọn kan ń pààrọ̀ ibi tí oògùn máa ń dì mọ́ lára wọn. Bí kòkòrò tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus ṣe ṣe é nìyẹn: oògùn methicillin jáde ní 1959, ìgbà tó fi di 1961, ìròyìn ti jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa irú èyí tí oògùn náà ò ràn. Jíìnì tó wà nídìí rẹ̀ là ń pè ní mecA. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn ò ní ohun ìjà kankan. Ẹnu ọ̀nà tí oògùn ń gbà wọlé ni wọ́n kàn tì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n óò padà sí i.

Èyí tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀ ni pé ọmọ nìkan kọ́ ló ń jogún ọgbọ́n yìí. Òrùka DNA (okùn tí a kọ jíìnì sí) kéékèèké kan wà tí à ń pè ní plásímíìdì. Kòkòrò kan lè fún aládùúgbò rẹ̀ ní ẹ̀dà rẹ̀, kódà bí wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Lọ́dún 2008 ni wọ́n kọ́kọ́ rí jíìnì NDM-1, tó ń ba carbapenem, ọ̀wọ́ oògùn kan tó lágbára gan-an, jẹ́, lára aláìsàn kan ní Sweden tó ti gba ìtọ́jú ní India. Inú kòkòrò kan tó ń jẹ́ Klebsiella ni wọ́n ti rí i. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ aláìsàn náà wò, jíìnì kan náà ti wà nínú E. coli.

Ohun tó bá wà ní kíkọ, a lè wá a. PCR la fi ń wá a. Kary Mullis ló ronú kàn án ní 1983, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1993. A ó mú kí DNA gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 95 kí okùn rẹ̀ méjèèjì tú kúrò lára ara wọn. A ó jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí àwọn èérún DNA méjì tí a ti ṣe sílẹ̀ lè lọ so mọ́ ibi tí à ń wá gan-an. Ẹ́ńsáìmù kan á wá ṣe ẹ̀dà ibẹ̀. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin; tó bá fi yípo nígbà 30, ẹyọ kan ti lé ní bílíọ̀nù kan. (Ara kòkòrò kan tí Thomas Brock rí nínú ìsun omi gbígbóná ní Yellowstone, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti mú ẹ́ńsáìmù tí ooru ò lè pa yìí. Ohun abẹ̀mí tó lè gbé inú omi gbígbóná ni Brock ń wá kiri. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ àyẹ̀wò àrùn.) A ti fi ohun kan sí i tó ń tàn bí ẹ̀dà bá ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ á sì máa ka ìmọ́lẹ̀ náà. Bí ohun tí à ń wá ò bá sí níbẹ̀, ibẹ̀ á ṣókùnkùn.

Mo sọ pé “ibi tí à ń wá gan-an.” Gbólóhùn yẹn ni mo torí rẹ̀ wá síbí. Ẹ̀rọ yìí kì í bi kòkòrò pé kí lo lè ṣe. Orúkọ tí a kọ fún un lọ́wọ́ ló ń wá nínú ìwé ńlá kan. Ó bá a, ó ní ó wà. Kò bá a, ohun tó lè sọ ò ju pé òun ò rí i lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti ṣe bẹbẹ jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀rọ GeneXpert. Wọ́n á da kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike kékeré kan, wọ́n á tì í bọ ẹ̀rọ, kí wákàtí méjì sì tó pé, ẹ̀rọ á sọ bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni àti bóyá oògùn rifampicin á ràn án. Iṣẹ́ tí a fi ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan! Mo rántí bí àwa tó ń gbin kòkòrò ṣe ń wo ara wa lójú nígbà náà. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé ọ̀nà tí kòkòrò yìí ń gbà bọ́ lọ́wọ́ rifampicin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹyọ kan: ó máa yí jíìnì kan tó ń jẹ́ rpoB padà, tí nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 àwọn ìyípadà náà sì kó jọ sí ojú kan ṣoṣo tí kò ju lẹ́tà DNA 81 lọ. Bí o bá ṣọ́ lẹ́tà 81 yẹn, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọ́ gbogbo ẹnubodè.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ni o. Ní Eswatini, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Swaziland nígbà náà, wọ́n kó kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ jọ nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2009. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2015, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 lára àwọn kòkòrò tí ọ̀pọ̀ oògùn ò ràn ló ní ìyípadà kan tí à ń pè ní I491F. Inú jíìnì rpoB kan náà ló wà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ojúlé lẹ́tà 81 tí ẹ̀rọ ń ṣọ́. Ẹ̀rọ ò parọ́. Ibi tí wọ́n ní kó wò ló wò, ó sì sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Àwa la ka “mi ò rí i” sí “oògùn á ràn án.” Bí àwọn tó ní irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bá gbé oògùn rifampicin lọ sílé, wọ́n á máa lò ó déédéé, ikọ́ á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mecA pẹ̀lú. Lọ́dún 2011 ni àwọn olùwádìí kéde Staphylococcus kan tí methicillin ò ràn, tí ọ̀kan lára rẹ̀ wá láti inú wàrà màálù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lórí àwo, ó ń hù láìbẹ̀rù. Lójú PCR, kò ní mecA. Jíìnì mìíràn tó jọ mecA ṣùgbọ́n tí akọtọ́ rẹ̀ yàtọ̀ púpọ̀ ló ní. MecC ni wọ́n wá ń pè é. Àwo pẹrẹsẹ ayé Petri ló tú àṣírí rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé èsì “a ò rí i” wá bá mi, ìbéèrè tèmi ni pé: ọ̀nà mélòó ni kòkòrò yìí lè gbà bọ́ lọ́wọ́ oògùn yìí? Bí ọ̀nà bá jẹ́ ẹyọ kan, tí a sì ti ṣọ́ ọ, “a ò rí i” wúwo gan-an. Ẹ wo kòkòrò àtọ̀sí. Ciprofloxacin ti di ohun tí kì í ràn án mọ́ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, débi pé Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò lára oògùn àtọ̀sí ní 2007. Síbẹ̀, àwọn kòkòrò àtọ̀sí tí ó ṣì ń ràn ò tíì tán. Bí a bá yẹ ipò 91 nínú jíìnì gyrA wò, tí a bá ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé oògùn àtijọ́ yìí á ràn án. Aláìsàn á gbé oògùn oníhóró lọ, wọn á sì fi abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́kù pa mọ́ fún ẹni tí kò ní ohun mìíràn.

Kòkòrò tó ń jẹ́ Pseudomonas kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnubodè rẹ̀ pọ̀ bíi ti ìlú tí kò ní odi. Ẹ rántí àwọn tí mo ní wọ́n kàn ń tilẹ̀kùn. Pseudomonas ní ihò kan tó ń jẹ́ OprD tí imipenem, ọ̀kan lára àwọn oògùn carbapenem, ń gbà wọlé. Bí ihò yẹn bá dí, oògùn ò rọ́nà wọlé, kòkòrò náà ò sì fi jíìnì kankan kún tirẹ̀. Ẹ wá KPC, ẹ wá NDM, ẹ wá gbogbo àwọn jíìnì tó ń ba carbapenem jẹ́ tán, òkùnkùn lẹ̀rọ á fi hàn yín. Mo ti gbọ́ kí ẹnì kan sọ nípa irú èsì bẹ́ẹ̀ pé “ẹ̀rọ ní kò léwu.” Ẹ̀rọ ò sọ bẹ́ẹ̀.

“Ó wà” náà ní ọ̀ràn tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú méjèèjì. PCR ò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. DNA kòkòrò tí oògùn ti pa tipẹ́ lè ṣì wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kí ẹ̀rọ sì máa pariwo lé e lórí. Ẹ̀wẹ̀, ta ló ni jíìnì tí a rí? Awọ ara wa kún fún Staphylococcus mìíràn tí kì í sábàá yọni lẹ́nu, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní mecA. Bí wọ́n bá fi òwú ra imú ènìyàn, tí ẹ̀rọ rí mecA, tó sì tún rí S. aureus, ó lè jẹ́ ti Staphylococcus mìíràn yẹn ni mecA. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe àyẹ̀wò yìí fi wá ń wo oríta ibi tí mecA ti so mọ́ ara S. aureus gan-an, dípò kí wọ́n wá mecA nìkan.

Ó ku ọ̀rọ̀ kíákíá fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gba wákàtí kan, ẹ béèrè ìgbà tí wákàtí náà bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lè má pé mẹ́wàá nínú mìlílítà kan, kò sì rọrùn fún ẹ̀rọ láti rí i. Ọ̀pọ̀ àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí ló jẹ́ pé inú ìgò ni ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ wà títí kòkòrò á fi pọ̀, èyí tó lè gba wákàtí 12 sí 24, kí wákàtí kan tí wọ́n ń polówó tó bẹ̀rẹ̀. Gbígbìn ṣì wà níbẹ̀, wọn ò kàn dárúkọ rẹ̀ ni.

Bí èsì bá wá jáde tán, ta ló máa kà á? Ritu Banerjee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìdánwò kan jáde ní 2015 lórí aláìsàn 617 tí kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n lo ọ̀nà àtijọ́ fún àwọn kan, wọ́n fi PCR kún un fún àwọn kan, wọ́n sì fi PCR pẹ̀lú ẹni tó ń pe dókítà láti gbà á nímọ̀ràn kún un fún àwọn ìyókù. PCR mú kí oògùn tó bá kòkòrò mu tètè dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Níbi tí ẹnì kan ti ń pe dókítà ni wọ́n ti tètè dá oògùn tó lágbára jù dúró. Iye àwọn tó kú ò yàtọ̀. Àwọn kan ka èyí, wọ́n ní ẹ̀rọ ò wúlò. Èrò tèmi yàtọ̀: dídáàbò bo oògùn tó lágbára jẹ́ iṣẹ́ gidi, bí kò tiẹ̀ hàn lára aláìsàn tó wà lórí ibùsùn lónìí. Ṣùgbọ́n èsì tó jáde ní aago méjì òru, tí kò sẹ́ni tó kà á títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ti fi wákàtí méje ṣòfò, ẹ̀rọ kankan ò sì lè tún un ṣe.

Kíka gbogbo DNA kòkòrò láti orí dé ìrù ló ń bọ̀ lẹ́yìn PCR. Kì í wá orúkọ kan ṣoṣo mọ́. Ìwé náà ló ń kà tán. Àmọ́ ẹni tó kàwé tán tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí ló kà? Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe àkójọ ìyípadà jíìnì ikọ́ ẹ̀gbẹ ní 2021 láti ara kòkòrò tó lé ní 38,000, tí wọ́n sì fi kún un ní 2023. Àwo àti ìgò ni wọ́n fi mọ ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó pa mí lẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2014, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀bùn ńlá kan kalẹ̀, Longitude Prize, fún ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò kíákíá tó máa dín àṣìlò oògùn kù. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí wọ́n tó rí ẹni fún. Ẹ̀rọ PA-100 ló gbà á ní 2024, pọ́n-ùn mílíọ̀nù 8, fún àyẹ̀wò àkóràn ojú ilé ìtọ̀. Jíìnì kọ́ ló ń wò. Ojú ihò tíntìntín ló ń to kòkòrò sí, á da oògùn lé wọn lórí, á sì máa wò bóyá wọ́n ń dàgbà. Láàárín ìṣẹ́jú 45 ló ń parí rẹ̀. Ìbéèrè àtijọ́ náà ló padà ń bi wọ́n: ṣé wàá kú?

Ní yàrá àyẹ̀wò tiwa, a ti yí bí a ṣe ń kọ èsì padà. Tẹ́lẹ̀, “kò ní” nìkan là ń kọ. Ní báyìí, ohun tó wà lórí bébà ni pé: “Ìdílé jíìnì márùn-ún la wá: KPC, NDM, VIM, IMP, OXA-48. A ò rí ìkankan. Ọ̀nà mìíràn wà tí àyẹ̀wò yìí kì í wò. Èsì àwo gbígbìn ń bọ̀ lọ́la.” Dókítà kan pè mí láìpẹ́, ó ní ó ti gùn jù, ṣé n ò lè gé e kúrú. Mo bi í pé gbólóhùn wo ni kí n yọ. Ó ka ti ìkẹta lẹ́ẹ̀kan sí i sórí fóònù, ó wá ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.